Orúkọ Ewé Nílò Ẹlẹ́rìí: Àgbéyẹ̀wò Ìwé Ewé ti Pierre Verger

Ìwé Ewé, tí Pierre Verger gbé jáde ní ilẹ̀ Bùràsíìlì ní ọdún 1995, jẹ́ iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ alohùn kò gbọdọ̀ fojú fò. Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni Verger, ṣùgbọ́n ó kọ́ Ifá títí ó fi di babaláwo tí a ń pè ní Fátúnmbí. Oògùn tí ó kó sínú ìwé náà lé ní 400, tòun ti ọfọ̀ wọn. Ó tọ́ka sí i pé ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó gbé iṣẹ́ ọfọ̀ ró sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan nínú sílébù orúkọ ewé. Àlàyé yìí ni ó mú kí iṣẹ́ rẹ̀ ta yọ.

Níbẹ̀ gan-an ni ìṣòro sì wà, nítorí pé orúkọ kì í dúró sójú kan. Amaranthus hybridus àti Amaranthus spinosus yàtọ̀ síra, síbẹ̀ tẹ̀tẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, bí a tilẹ̀ fi ẹ̀gún dá èkejì mọ̀. Chromolaena odorata, tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá, ni àwọn kan ń pè ní ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀. Bí adáhunṣe tí ó sọ orúkọ bá ti kú, ta ni yóò jẹ́rìí ewé tí ó ní lọ́kàn? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré, nítorí pé àṣìjá ewé lè pa aláìsàn.

Ewé àpamọ́ ni ẹlẹ́rìí náà. Ní ilé-ìpamọ́ ewé tí ó wà ní Ilé-Iṣẹ́ Ìwádìí Igbó ní Ìbàdàn, irú ewé bẹ́ẹ̀ lé ní 100,000. A tẹ̀ wọ́n, a sá wọn gbẹ, a sì lẹ̀ wọ́n mọ́ pépà líle. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ṣì wọ́n pè, onímọ̀ mìíràn lè padà wò wọ́n kí ó sì tún un ṣe. Orúkọ inú ìwé nìkan kò lè fún un ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ewé tí a kọ orúkọ Láàtìnì sí lára nìkan kò wúlò tó fún ẹni tí ń kọ́ ọfọ̀. Bí a bá sì kọ orúkọ Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i, àṣìlóye kò jìnnà: kò sí ohun tí yóò ya àgbọn tí a ń jẹ kúrò lára agbọ́n tí ń ta ni.

Nítorí náà, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí jọ wọ igbó. Kí wọ́n já ewé pẹ̀lú òdòdó tàbí èso rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, ẹ̀ka-èdè, ìlú àti ọjọ́, yálà ti Ìgbómìnà ni tàbí ti Ìyàgbà. Kí wọ́n fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì níbi tí ọ̀rinrin àti kòkòrò kò ti ní dé, kí wọ́n fi èkejì ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Nọ́ńbà ewé náà ni kí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọfọ̀ nínú àpilẹ̀kọ wọn.

Iṣẹ́ ńlá ni Verger ṣe. Ẹni tí yóò gbé e síwájú ní láti mú ewé dání pẹ̀lú gègé.