Owó Orí Ilé-Iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà: Lámèyítọ́ Ìwádìí Kan

Ní December 2017, Ààrẹ Donald Trump buwọ́ lu òfin tó já owó orí èrè ilé-iṣẹ́ ńláńlá wálẹ̀ láti ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún sí ìdá 21. Àwọn olùdámọ̀ràn rẹ̀ lórí ọrọ̀-ajé ti ṣèlérí pé ìdókòwò yóò gbèrú, àti pé, ó kéré tán, 4,000 dọ́là ni yóò máa kún owó tó ń wọlé fún ìdílé kọ̀ọ̀kan lọ́dún, ní ìpíndọ́gba. Ní 2024, Gabriel Chodorow-Reich, Owen Zidar àti Eric Zwick gbé ìwádìí kan jáde nínú Journal of Economic Perspectives, "Lessons from the Biggest Business Tax Cut in US History", láti yẹ ìlérí náà wò.

Ohun tó mú iṣẹ́ yìí ta yọ ni pé wọ́n tú òfin ọ̀hún palẹ̀, wọ́n sì wo apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí ìjọba bá dín ìdá owó orí kù, ilé-iṣẹ́ tó ti ra ẹ̀rọ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn náà yóò jẹ nínú rẹ̀, bí kò tilẹ̀ ná kọ́bọ̀ kan sí i. Àmọ́ apá mìíràn gba ilé-iṣẹ́ láàyè láti yọ gbogbo owó ẹ̀rọ tuntun kúrò nínú èrè tí wọn yóò bu owó orí lé, lọ́dún tó rà á gan-an, dípò kó máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò ra nǹkan kò ní rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Ibi tí a bá fi iyọ̀ sí ni í ṣomi sí: apá kejì yìí ló fa ìdókòwò jù fún dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ìjọba yọ̀ǹda.

Àbájáde wọn kò gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ìdókòwò lórí ilé àti ẹ̀rọ fi nǹkan bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, èyí tó tako àwọn tó ní owó orí kò já mọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n owó orí tó ń wọlé láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ fi ìdá 40 wálẹ̀, àfikún owó òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kò sì tó 1,000 dọ́là lọ́dún.

Iṣẹ́ náà ní ibi tó kù sí. Fífi ilé-iṣẹ́ kan wé èkejì ló fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ jù. Nígbà tó bá kan ọjọ́ iwájú gbogbo orílẹ̀-èdè, ìṣirò àwòṣe ọrọ̀-ajé ni wọ́n gbára lé, àjàkálẹ̀ àrùn 2020 sì ti da àkọsílẹ̀ rú. Ìpíndọ́gba owó òṣìṣẹ́ náà kò lè sọ bóyá ọ̀gá ló gbà á tàbí ọmọṣẹ́.

Síbẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe é gbára lé ni. Kí aṣòfin tó ń gbèrò láti dín owó orí kù kà á, kó sì kọ́kọ́ béèrè: ṣé ìdókòwò tuntun ni a fẹ́ san ẹ̀san fún, àbí èrè àtijọ́?