Ọ̀rẹ́ Tí Ń Pani: Ìmúrasílẹ̀ fún Ipa Iago

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bíkú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ọ̀pọ̀ òṣèré tí a gbé ipa ọ̀dàlẹ̀ lé lọ́wọ́ kì í rántí òwe yìí. Wọn a fajú ro, wọn a mú ohùn le, wọn a máa wò bí ẹkùn. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ẹni tí yóò ṣe Iago nínú Othello, eré Shakespeare tí a ṣe ní ààfin Whitehall ní London ní 1604, kò ní láti kọ́ ìwà ìkà. Ohun tí ó yẹ kí ó kọ́ ni bí ènìyàn ṣe ń di ẹni tí a fọkàn tán.

Ẹ má jẹ́ kí a fi Iago wé Baṣọ̀run Gáà inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí. Gbogbo Ọ̀yọ́ ni ó mọ Gáà ní ìkà. Ẹ̀rù ni ó fi ń ṣe ìjọba. Ní ti Iago, olóòótọ́ ni gbogbo ènìyàn ń pè é títí eré fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Bí a bá fẹ́ gbé eré yìí jáde ní Niamey, olú-ìlú Niger, irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Ní 1969, Oumarou Ganda, ọmọ ìlú náà tí òun pẹ̀lú ti bá àwọn Faransé jagun ní Indochina, ṣe fíìmù kan tí ó pè ní Cabascabo. Jagunjagun kan ti Indochina dé pẹ̀lú owó. Àwọn ọ̀rẹ́ pagbo yí i ká, wọ́n ń yìn ín, wọ́n ń bá a ná an. Nígbà tí owó tán, wọ́n tú ká. Oúnjẹ ni àwọn wọ̀nyẹn ń wá. Ìparun ni Iago ń wá. Síbẹ̀, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà wọlé.

Ó ti pẹ́ tí àwọn lámèyítọ́ kan ti ń fi àwọ̀ ara nìkan túmọ̀ Othello: ọ̀gágun adúláwọ̀, ọ̀dàlẹ̀ aláwọ̀ funfun. Ní 2015, ní Stratford-upon-Avon, Royal Shakespeare Company gbé ipa Iago fún Lucian Msamati, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Tanzania. Iqbal Khan ni adarí eré. Hugh Quarshie, tí a bí ní Accra, ni ó ṣe Othello. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí adúláwọ̀ ṣe Iago nínú ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí ọ̀dàlẹ̀ àti ẹni tí a dalẹ̀ jọ jẹ́ adúláwọ̀, àwọ̀ nìkan kò lè ro ẹjọ́ náà mọ́. Òǹwòran gbọ́dọ̀ béèrè ìdí tí ọ̀gágun fi gbà á gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni yóò rí ní Niamey tàbí ní Ìbàdàn, níbi tí àwọ̀ gbogbo òṣèré ti jọra.

Níbí ni èdè Yorùbá ti lè ran òṣèré lọ́wọ́. Faransé, èdè ilé-ìwé ní Niamey, ní arọ́pò-orúkọ ọ̀wọ̀ fún ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní i fún ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Yorùbá ní méjèèjì. Níwájú Othello, Iago yóò máa wí pé “ẹ”. Bí ó bá ń bá àwọn ọmọ ogun sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, yóò wí pé “wọ́n”. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ku òun nìkan lórí ìtàgé, “ó” ni yóò wí. Kò sí ìdí fún ìfajúro. Àyípadà kékeré yẹn ti sọ fún òǹwòran pé ọ̀tẹ̀ ń bẹ nínú ilé.

Ẹ tún wo ìran kẹta nínú ìpín kẹta, níbi tí Iago ti gbin owú sí ọkàn ọ̀gá rẹ̀. Ó sọ pé ohun tí òun rí kò wu òun, ó sì yára gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Nígbà tí Othello bi í léèrè, ó dá ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gágun padà fún un bí ìbéèrè. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Iago mọ òwe yìí láìgbọ́ Yorùbá. Ìwà rere ẹni tí ó ń gbọ́ ọ ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ ibi. Nítorí náà, “ṣebí”, “àbí” àti ìdákẹ́jẹ́ ni kí òṣèré fi dánra wò, kí ó sì máa sọ wọ́n bí ẹni tí àánú ọ̀gá rẹ̀ ń ṣe.

Àwọn kan yóò ní kí òṣèré kọ́kọ́ mọ ìdí tí Iago fi ṣe é: wọ́n fi Cassio jẹ oyè lé e lórí, ó fura sí ìyàwó rẹ̀. Iago fúnra rẹ̀ ka ìdí púpọ̀, kò sì sí èyí tí ó tó ìparun tí ó fà. Kí òṣèré mú èyí tí ó bá wù ú, kí ó sì fi í pamọ́ sínú. Nígbà tí Emilia, ìyàwó rẹ̀, tú àṣírí rẹ̀, Iago búra pé òun kò ní sọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Ẹni tí ó bá ti fi ojú burúkú ṣàlàyé ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ti ba ìdákẹ́jẹ́ yẹn jẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ yín bá ń ṣe ipa yìí, tí àwọn òǹwòran kórìíra rẹ̀ ní kété tí ó jáde, iṣẹ́ kò tíì parí. Ó di ìgbà tí wọ́n bá rí i pé àwọn pẹ̀lú ìbá ti fọkàn tán an.