Ọ̀gá, Olùdámọ̀ràn àti Aṣọ tí ó Bàjẹ́

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn kan tí ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń dá òwò tuntun sílẹ̀ ní ìlú Èkó bẹ̀ mí pé kí n bá wọn túmọ̀ ìwé pélébé kan sí èdè Yorùbá. Iṣẹ́ náà kò ni mí lára títí tí mo fi kan ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, mentor, tí ó fara hàn ní ojú ìwé kìn-ín-ní tí kò sì kúrò nílẹ̀ títí ìwé fi parí. Mo kọ 'olùdámọ̀ràn'. Mo pa á rẹ́. Mo kọ 'olùtọ́sọ́nà'. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo kọ 'ọ̀gá'. Àwọn tí ó bẹ̀ mí níṣẹ́ kò gbà, wọ́n ní ọ̀gá ti le jù, nítorí pé ẹni tí àwọn ń wí kì í pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé irú àjọṣe tí ó wà láàárín àgbà àti ọ̀dọ́ nínú òwò gan-an ni kò yé wa. Àjọṣe yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí.

Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀. Nínú Odyssey, ìtàn àtayébáyé àwọn Gíríìkì tí a kà sí iṣẹ́ Homer, Mentor ni orúkọ ọ̀rẹ́ tí Odysseus fi ilé rẹ̀ lé lọ́wọ́ nígbà tí ó ń lọ sí ogun Troy. Ẹ ṣe àkíyèsí pé ilé ni ó fi sílẹ̀ fún un, kì í ṣe pé ó kàn ní kí ó máa gba àwọn ará ilé ní ìmọ̀ràn. Alágbàtọ́ ni Yorùbá yóò pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, alágbàtọ́ sì gbọ́dọ̀ jíhìn ohun tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ilẹ̀ wa mọ irú ìjíhìn yìí dáadáa. Ní ọdún 1981, ẹ̀gbọ́n mi kan ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ kan ó ṣi àlùmọ́gàjí lò, ó gé léèsì tí ìyá ìyàwó kan fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ní ìgékúgèé. Ọ̀gá rẹ̀ bá a wí débi tí omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn méjèèjì dé ilé oníbàárà, ohun tí ọ̀gá sọ ni pé, 'Ìyá, ẹ má bínú, èmi ni mo gé e.' Òun náà ni ó ra léèsì mìíràn. Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ṣẹ́ pé, tí a ṣe ayẹyẹ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní fúrídọ̀mù, ojú ẹgbẹ́ aránṣọ ni ọ̀gá yìí ti gbàdúrà fún un. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti di ọmọ ẹgbẹ́, tí ó ń dá àjọ pẹ̀lú wọn, tí wọ́n sì ń fa oníbàárà lé e lọ́wọ́ bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi í pé ọ̀dọ̀ ta ni ó ti kọ́ṣẹ́, orúkọ ọ̀gá ni yóò dá. Àwọn Ìgbò tilẹ̀ gbé tiwọn kọjá ibẹ̀: ọ̀gá ni ó yẹ kí ó fún ọmọ tí ó bá sìn ín tán ní owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ti òde òní. Ní Yábàá, ilé CcHub ti ń gba àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà mọ́ra láti ọdún 2011. Ní ọdún 2015, àjọ Tony Elumelu bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ó ya 100 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ láti fi ran 10,000 oníṣòwò Áfíríkà lọ́wọ́ láàárín ọdún 10. Ẹni tí a bá yàn ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, olùtọ́sọ́nà àti 5,000 dọ́là. Kò yẹ kí á fojú kéré irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àpéjọ ilé ìtura tí ó gbilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ó ń kọ mí lóminú. Mo jókòó sí ọ̀kan. Ọkùnrin olókìkí kan sọ̀rọ̀ títí, ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ má bẹ̀rù ìkùnà. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, 'Ẹ jọ̀wọ́ sà, ilé-iṣẹ́ ńlá kan ti jẹ mí lówó fún oṣù mẹ́fà. Ta ni ó lè bá mi dé ọ̀dọ̀ wọn?' Ọkùnrin náà ní kí ó ní ìfaradà. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni a dìde láti mọ ara wa, káàdì sì ń gba ọwọ́ dé ọwọ́. Yorùbá ní ènìyàn ni aṣọ mi. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé káàdì ènìyàn ni aṣọ òun. Wọ́n tún ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí kò ní kí àgbà sọ̀rọ̀ lórí bí orí ọmọ ṣe ń tọ́. Ọwọ́ ni yóò fi tún un ṣe.

Ẹni tí ó bá rò pé àṣà òkèèrè ni mo ń bá jà ṣì mí gbọ́. Nígbà tí Paystack, òwò tí Shola Akinlade àti ẹnìkejì rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2015, wọ Y Combinator ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2016, ìlànà ibẹ̀ nígbà náà ni pé wọn yóò fi 120,000 dọ́là gba ìpín 7 nínú 100 nínú òwò tí wọ́n bá tọ́ sọ́nà. Bí òwò bá wó, owó tiwọn náà wọgbó. Bí ó bá yọrí, wọ́n jèrè. Ní ọdún 2020, Stripe kéde pé òun ń ra Paystack ní iye tí ó lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là. N kò sọ pé ìmọ̀ràn nìkan ni ó gbé wọn dé ibẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé olùdámọ̀ràn náà ní ohun tí ó lè pàdánù.

Bẹ́ẹ̀ ni n kò gbọdọ̀ pọ́n ti ilé ju bí ó ti yẹ lọ. Ọ̀gá tí ó gba ẹ̀bi léèsì rù yẹn náà ni ó ń rán ẹ̀gbọ́n mi lọ pọn omi, tí ó ń gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n ọ́n, tí kò sì jẹ́ kí ó rí bí a ṣe ń gé agbádá títí di ọdún tí ó lò kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni ó fi ìmọ̀ pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù pé ọmọ iṣẹ́ yóò gba oníbàárà lọ. Ní ti èyí, àwọn àpéjọ òde òní sàn jù: wọ́n ń sọ ní gbangba ohun tí àwọn bàbá wa ń sọ ní ìkọ̀kọ̀, ọmọ tálákà tí kò mọ ẹnikẹ́ni sì lè gbọ́ ọ. Àmọ́, ìmọ̀ tí a là sílẹ̀ kò ní kí a má dúró ti ẹni tí a là á fún.

Ní ìgbẹ̀yìn, 'alágbàtọ́' ni mo kọ sínú ìwé náà. Àwọn tí ó gbé iṣẹ́ fún mi yọ ọ́, wọ́n sì dá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà. Bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ, nítorí pé orúkọ náà wúwo ju ohun tí wọ́n ní láti fi fúnni lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá àgbà tí yóò tọ́ yín sọ́nà, ẹ gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀gá yín, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá yóò bá yín dé ilé oníbàárà lọ́jọ́ tí aṣọ bá bàjẹ́.