Ọ̀gbẹ̀rì Níwájú Kọ̀ǹpútà

Ìwé kan wà tí ó yẹ kí àwa tí a ń ṣe lámèyítọ́ ti yẹ̀ wò tipẹ́, ṣùgbọ́n a kò kà á kún nǹkan nítorí pé kì í ṣe ìtàn àròsọ, kì í ṣe ewì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe eré-oníṣe. Ìwé atọ́nà ni. DOS For Dummies ni orúkọ rẹ̀; Dan Gookin ni ó kọ ọ́, ilé-iṣẹ́ IDG Books sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1991. Òun ni àkọ́bí ọ̀wọ́ ìwé aláwọ̀ ìyeyè òun dúdú tí a ń rí ní ilé ìtàwé káàkiri. Inú ìwé yìí ni èmi náà ti kọ́ bí a ti ń lo kọ̀ǹpútà, nítorí náà n kò lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bí ẹni tí ó dúró lóòkán.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọlé. Bí a bá fẹ́ túmọ̀ 'Dummies' sí Yorùbá, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó ń sáré wá síni lọ́kàn. Òmùgọ̀ ni àkọ́kọ́, èébú sì ni. Ẹni tí a bá pè bẹ́ẹ̀ kò ní dúró gba ẹ̀kọ́. Òpè ni ìkejì. Ó rọ̀ díẹ̀, nítorí pé òpè òní lè gbọ́n lọ́la. Ẹ̀kẹta ni ọ̀gbẹ̀rì. Ọ̀gbẹ̀rì kì í ṣe ẹni tí kò ní làákàyè. Ẹni tí a kò tí ì mú wọ awo ni. Ó lè jẹ́ ìjòyè, ó lè jẹ́ ọ̀mọ̀wé. Bí kò bá tí ì wọ inú igbó, ọ̀gbẹ̀rì ni. Lójú tèmi, òmùgọ̀ ni Gookin kọ sí iwájú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ̀rì ni ó ń bá sọ̀rọ̀ nínú. Ibẹ̀ ni iyì ìwé náà wà.

Ẹni tí kò lo DOS rí lè rò pé mo ń sọ àsọdùn. DOS ni ètò tí ó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ìgbà náà. Bí ènìyàn bá tan ẹ̀rọ, kò sí àwòrán kankan tí yóò fi ọ̀nà hàn án. Lẹ́tà C ni yóò rí, àmì mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, àti ìlà kékeré kan tí ó ń ṣẹ́jú. Ẹ̀rọ dákẹ́, ó ń retí ọ̀rọ̀. DIR ni a ó tẹ̀ kí ó tó ka orúkọ àwọn fáìlì rẹ̀ fún wa. COPY ni a fi ń ṣe ẹ̀dà. FORMAT sì lè sọ gbogbo ohun tí ó wà nínú díísìkì di òfìfo. Bí a bá ṣi lẹ́tà kan ṣoṣo, yóò dáhùn pé àṣẹ náà kò dára tàbí pé orúkọ fáìlì ni kò dára, kò sì ní sọ èwo nínú méjèèjì. Ẹni tí ó bá mọ bí ọfọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ kò ní ṣàì mọ irú ìwà yìí: ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Ohun tí Gookin ṣe ni pé ó gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ọ̀gbẹ̀rì, ó gbé e lé orí ẹ̀rọ àti àwọn tí ó ṣe é. Ìwé tí wọ́n ń fi sínú páálí kọ̀ǹpútà máa ń sọ̀rọ̀ bí awo tí ń bá awo sọ̀rọ̀. Tirẹ̀ ń dá àpárá. Kò ní kí a ka ìwé òun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti rú wa lójú ni kí a ṣí. Bí ọ̀rọ̀ bá sì di ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, yóò sọ fún wa pé a lè fò ó. Ìgboyà ni fún òǹkọ̀wé láti gba òǹkàwé níyànjú pé kí ó fo apá kan iṣẹ́ òun. Mélòó nínú àwa olùkọ́ yunifásítì ni ó lè ṣe é?

Àléébù irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò farasin. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ń jókòó ti ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ìwé kò rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ti ń ṣe ẹ̀dà fáìlì fún oṣù mélòó kan kí n tó mọ ohun tí fáìlì jẹ́ gan-an.

Ṣùgbọ́n ibòmíràn ni ìwé náà ti já mi kulẹ̀. Ó gbà, láìsọ ọ́ jáde, pé lẹ́tà tí a bá fẹ́ kọ ń bẹ lórí bọ́tìnnì. Ní ọdún 1994, nígbà tí mo ń kàwé fún oyè másítà, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí ó wà ní ẹ̀ka wa láti tẹ iṣẹ́ kan lórí ẹkún ìyàwó. Orúkọ fáìlì kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ ṣáájú àmì ìdánudúró, nítorí náà EKUNIYAW ni tèmi ń jẹ́. Mo wá ẹ, n kò rí i. Mo wá ọ àti ṣ, pàbó ni. Mo tú ìwé atọ́nà yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, kò wí nǹkan kan.

Ìgbà tí ó yá ni mo tó mọ ìdí rẹ̀. Àkójọ àmì tí wọ́n ń pè ní 437, tí IBM fi sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ní àyè 256. Nínú rẹ̀, 130 ni é, 160 ni á, 149 ni ò. Bí a bá di bọ́tìnnì Alt mú, tí a sì tẹ nọ́ńbà náà ní apá ọ̀tún, lẹ́tà yóò yọ. Àmì ohùn wa wà níbẹ̀ nígbà náà, ó kéré tán lórí àwọn lẹ́tà kéékèèké, kì í ṣe nítorí tiwa, bí kò ṣe nítorí èdè Faransé, Sípéènì àti Ítálì. Ẹ, ọ àti ṣ ni kò sí. Wọ́n rí àyè fún ojú ènìyàn méjì tí ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n rí àyè fún àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin orí káàdì tí a fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ẹ̀rọ taípù àtijọ́ sàn jù ú lọ lójú tiwa, nítorí pé a lè yí bébà sókè díẹ̀ kí a fi àmì ìdánudúró gún abẹ́ lẹ́tà. (Àwọn kan ń pe kọ̀ǹpútà ní ayárabíàṣá. Oríkì dáradára ni, ṣùgbọ́n èyí tí mo lò lọ́dún náà, mo lè lọ bu omi mu kí ó tó jí tán.) Mo tẹ iṣẹ́ mi sórí bébà láìsí àmì ìsàlẹ̀ kankan, mo sì fi gègé to wọn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan títí di ààjìn. Mo fo mélòó kan. Nígbà tí mo ka iṣẹ́ náà ní ìpàdé ẹ̀ka, àgbà ọ̀jẹ̀gbọ́n kan tí ẹ̀dà wà lọ́wọ́ rẹ̀ bi mí pé irú ilé oko wo ni ìyàwó yìí ń sunkún lọ. Ilé ọkọ ni mo fẹ́ kọ. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Gbogbo kókó iṣẹ́ mi ni ilé ọkọ.

Ọdún 1991 tí ìwé Gookin jáde náà ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ Unicode jáde, ìyẹn ètò tí ó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ ní àyè nínú Unicode lónìí. Èdè Vietnam ni a jọ ń lo méjì àkọ́kọ́. Títí di òní, ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan tí ó dá ní. A ní láti so lẹ́tà àti àmì orí rẹ̀ pọ̀. Síbẹ̀, a lè kọ ọ́, bọ́tìnnì Yorùbá sì wà nínú Windows fún ẹni tí ó bá mọ ibi tí yóò ti yàn án. Mo yẹ mẹ́ta wò nínú àwọn ìwé atọ́nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń gbé kiri. Gbogbo wọn ni ó ṣàlàyé bí a ti ń yí àwòrán ojú kọ̀ǹpútà padà. Kò sí ọ̀kan tí ó dárúkọ bọ́tìnnì yìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kó iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wá fún mi láìsí àmì lókè, láìsí àmì nísàlẹ̀, wọ́n sì ń sọ pé kọ̀ǹpútà ni kò lè ṣe é.

Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ọdún ẹ̀kọ́, kí a tó fọwọ́ kan ewì kankan, mo ń gba wákàtí kan lọ́wọ́ wọn. N kì í fún wọn ní ìwé. Mo ń rìn láti ẹ̀yìn ẹnì kan dé ẹ̀yìn ẹnì kejì, mo ń wo ọwọ́ wọn, wọ́n sì ń tẹ oko, ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti òkò títí márààrún yóò fi yàtọ̀ síra.