Ẹ̀bi DVD Kọ́

Ẹni tó bá ní àwòrán DVD ò dáa, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé díìsì tí wọ́n kó fíìmù mẹ́wàá sí lójú kan ṣoṣo ló ti ń wò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Díìsì ojú kan, irú èyí tó kún orí àtẹ, 4.7 gígábáìtì ló ń gbà. Bí fíìmù kọ̀ọ̀kan bá gba wákàtí kan ààbọ̀, mẹ́wàá di wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí a bá wá pín àyè yẹn kárí, ohun tó máa kan ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, àtàwòrán àtohùn, kò tó mẹ́gábíìtì kan, bẹ́ẹ̀ àwòrán nìkan lè gbà tó 9.8 lórí DVD. Ìdí nìyẹn tí ojú òṣèré fi ń fọ́ sí igun mẹ́rin mẹ́rin tó bá ti sáré díẹ̀. Ọ̀kánjúwà ló ba díìsì yẹn jẹ́. Àwa tí a ń sọ ètò tẹlifíṣàn HD di DVD ní Surulere, Yaba àti Mushin la wá ń jẹ̀bi ọ̀rọ̀ tí a ò mọwọ́ mẹsẹ̀ ẹ̀.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni pe DVD ní HD. Odindi àwòrán HD fẹ̀ tó 1920 píksẹ́lì, ó sì ga tó 1080. Ti DVD, lórí ètò PAL tí Nàìjíríà ń lò, 720 àti 576 ni. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: 2,073,600 àti 414,720. Ìlọ́po márùn-ún géérégé ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi VCD wo fíìmù Yorùbá láyé ọjọ́un, 352 àti 288 péré ló ń wò, kò sì ní kí òun má sunkún níbi tó bá ti yẹ. Nítorí náà, kì í ṣe bí ohun tó kù ṣe kéré tó ni ìṣòro, bí kò ṣe ọwọ́ tó dín in kù. Télọ̀ tó fẹ́ sọ agbádá bàbá di ti ọmọ kì í kàn ti sísọ́ọ̀sì bọ etí ẹ̀. Ó máa kọ́kọ́ tú u palẹ̀.

Àwòrán tẹlifíṣàn náà ní ohun tí a ń tú. Púpọ̀ nínú ètò HD orí afẹ́fẹ́ kì í dé ní odindi. Ìdajì ìdajì ló ń dé, àádọ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan: ìlà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún títí dé ìsàlẹ̀, kí ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà tó tẹ̀ lé e. Kí ìdajì kejì tó dé, ohun tó ń mì ti kúrò níbi tó wà. Ẹ wo onígángan tó ń lùlù lójú agbo. Bí a bá fún àwòrán náà pọ̀ láìya ìdajì méjèèjì sọ́tọ̀, kọ̀ǹgọ́ kan á di méjì, etí ẹ̀ á sì rí gbágungbàgun. Bí a bá yà wọ́n, tí a dín wọn kù, tí a wá hun wọ́n padà sí ìlà 576, kọ̀ǹgọ́ á máa lọ geere. Àmọ́ bí èyí tó yẹ kó kẹ́yìn bá lọ ṣíwájú níbi híhun yẹn, ọwọ́ onílù á máa lọ, á máa bọ̀, á máa gbọ̀n. Kọ̀ǹpútà sábà máa ń bo àṣìṣe yìí mọ́lẹ̀. Tẹlifíṣàn àtijọ́ tó yọ ẹ̀yìn sóde ló ń tú àṣírí ẹ̀.

Léèsì tún nìyẹn. Ihò ara ẹ̀ tó bá tín-ín-rín ju ìlà kan lọ á máa ṣẹ́jú ní gbogbo ìgbà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá mira. Oògùn ẹ̀ ni kí a rọ àwòrán náà díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí a tó hun ún. Àwọn kan á ní ìyẹn ń sọ ọ́ di bàìbàì. Wọn ò parọ́, ó ń mú díẹ̀ lára mímú ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n aṣọ tó rọ̀ díẹ̀ sàn ju aṣọ tó ń ta ojú lọ. Ibi tí ó ti ń ká mi lára ni orúkọ tó ń jáde nísàlẹ̀. Àmì abẹ́ ẹ àti ọ, níbi tí wọ́n bá ti rántí fi sí i, tètè máa ń pòórá. Tí rírọ̀ náà bá ti pa wọ́n rẹ́, ó ti pọ̀ jù nìyẹn.

Wọ́n tún máa ń sọ pé kọ̀ǹpútà lè dá gbogbo ẹ̀ ṣe, kéèyàn ṣáà ti tẹ bọ́tìnnì kan. Ó lè ṣe é lóòótọ́, kó sì ṣe é fún ará Amẹ́ríkà: ìlà 480 àti àwòrán 29.97 ní ìṣẹ́jú-àáyá dípò 25 tiwa, kí ijó máa fò kánkán. Ó sì lè gbàgbé àmì 16:9. Iye píksẹ́lì kan náà ni DVD ń lò fún àwòrán fífẹ̀ àti ti àtijọ́, nítorí náà tí àmì yẹn ò bá sí, ojú ìyàwó á gùn bíi pé wọ́n fà á. Èyí tó gba sùúrù jù ni kí kọ̀ǹpútà ka ètò náà lẹ́ẹ̀mejì, àkọ́kọ́ láti mọ ibi tí ijó ti pọ̀, ìkejì láti pín àyè síbẹ̀ (kí NEPA ṣáà má mú iná lọ láàárín). Ní bíi mẹ́gábíìtì mẹ́fà ní ìṣẹ́jú-àáyá, ohun tó wọ díìsì kan kò ju nǹkan bíi wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú lọ. Oníbàárà tó fẹ́ wákàtí mẹ́rin, kó ra díìsì mẹ́ta.

Òmíràn á ní ayé ti kúrò níbẹ̀, pé kí a fi sórí fláṣì tàbí YouTube. YouTube ń jẹ dátà, díìsì ò jẹ kọ́bọ̀. Kò sì yẹ kí a gbé ètò ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn síbẹ̀ láìgbàṣẹ. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022 wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kò gbà kí a tẹ díìsì ẹ̀ fún títà. Ẹni tó jáde nínú ètò, tó ń wá ẹ̀dà kan tí ìyá ẹ̀ máa wò, ni mò ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ní ti fláṣì, púpọ̀ nínú ẹ̀rọ DVD tó ní ojú USB ni kì í ka H.264 tí wọ́n fi gbé ètò HD sáfẹ́fẹ́. Wọ́n á kọ orúkọ fáìlì síta, wọ́n á sì dákẹ́. Kí oníbàárà tọ́jú HD náà sórí háàdì, kó má pa á rẹ́. Èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ ìyá, DVD ni, kí a sì ti wò ó látòkèdélẹ̀ lórí tẹlifíṣàn ẹlẹ́yìn kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.