Ọdẹ Di Ẹṣin: Ẹ̀rín Nínú Ìyà Àkàrà-Oògùn

Ní ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré orí tábìlì kan, Dungeons & Dragons, jáde ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí ń ṣe é a jókòó yí tábìlì ká. Oníkálùkù a sọ ara rẹ̀ di jagunjagun, oṣó tàbí olè, wọn a sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọ igbó abàmì lọ. Dáìsì, bí irú èyí tí a fi ń ta lúdò, ni ó ń sọ bóyá ohun tí ẹnì kan dáwọ́ lé yóò yọrí. Bí ó bá yí sódì, akọni a di ẹni ẹ̀sín. Irú ìrìn àjò yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), ìwé D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Èfòìyẹ̀ tafàtafà, Olóhùn-Iyọ̀ olórin, Ìmọ́dòye ọlọ́gbọ́n: kálukú ló gbé ẹ̀bùn tirẹ̀ lọ sí Òkè Láńgbòdó.

Ṣùgbọ́n kò sí dáìsì nínú igbó Fágúnwà. Àkàrà-Oògùn, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọdẹ tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ àjẹ́, tí orúkọ rẹ̀ pàápàá jẹ́ ìhàlẹ̀, ni ẹ̀dá abàmì kan mú, tí ó sì ń gùn kiri bí ẹṣin. Àlàfo tó wà láàárín orúkọ ńlá àti ẹ̀yìn tí a ń gùn ni ẹ̀rín ti wá. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí ará ilé kankan níbẹ̀ tí yóò jẹ́rìí. Ó lè fi ìtìjú náà pamọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ fún akọ̀wé. Ẹni tí ó bá lè tú ara rẹ̀ fó báyìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a ṣeé gbà gbọ́ nígbà tí ó bá ń ròyìn ìṣẹ́gun.

Kì í ṣe gbogbo ibi ni ẹ̀rín ti tọ́, o. Nígbà tí Kákò pa obìnrin tí ó fẹ́ gbé níyàwó, nítorí pé ó dì mọ́ ọn kí ó má baà lọ, ìkánjú rẹ̀ kò pani lẹ́rìn-ín mọ́. Lámèyítọ́ tí ó bá kó méjèèjì pọ̀ sábẹ́ àpárá ti ṣi ìwé náà kà.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013, àwọn ọ̀mọ̀wé péjọ sí Àkúrẹ́ láti sàmì àádọ́ta ọdún tí Fágúnwà ti kú. Síbẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni olùkọ́ mìíràn ń gbé wọ kíláàsì: kí ni ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí? Ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, nítorí Fágúnwà fúnra rẹ̀ fẹ́ràn ìwàásù. Ẹ wo bí Ìrágbèjè ṣe sọ̀rọ̀ pẹ́ tó. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì rẹ́rìn-ín ọdẹ tí a gùn bí ẹṣin kò tíì pàdé Àkàrà-Oògùn. Kí akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí yóò lọ fi iṣẹ́ dánra wò ní Oǹdó tàbí Àkúrẹ́ kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ kan ka ibẹ̀ sókè, ní ohùn ọdẹ, kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀.