Ìgbọràn, Àánú àti Ìjọ: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta nínú Bíbélì Yorùbá, pẹ̀lú Ìlò Wọn ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé bá ń yẹ ìwé Yorùbá wò, ìtàn àròsọ, ewì àti eré orí ìtàgé ni wọ́n sábà máa ń mú. Wọn a máa yẹ Bíbélì sílẹ̀, bí ẹni pé ìwé tí ènìyàn ń kà lórí ìkúnlẹ̀ kò ṣe é yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí ó túmọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwé kan ní èdè yìí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ inú ilé àti ọjà tó bẹ́ẹ̀. Ìwé Róòmù tí Àjàyí Crowther túmọ̀ jáde ní 1850; nígbà tí yóò fi di 1884, odidi Bíbélì ti wà ní èdè Yorùbá. Ìran lẹ́yìn ìran ni ó ti fi kọ́ ìwé kíkà, tí ó ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́ ọmọ, tí ó sì ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sìnkú. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wọ́ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ojú ìwé nìkan ni yóò wọ́.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni àyẹ̀wò yìí mú: ìgbọràn, àánú, ìjọ. Ìgbàgbọ́ tí kò bá di ìgbọràn sí Ọlọ́run, àánú sí ọmọnìkejì àti ìbágbé nínú ìjọ, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Crowther, Thomas King àti àwọn tí ó bá wọn ṣiṣẹ́ yan ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáradára, ju bí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fi wọ́n wàásù lónìí ti mọ̀ lọ. Ìlò ni ó bù wọ́n kù. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìtàn ìlú méjèèjì, àti bí Onígbàgbọ́ ti ń bá Mùsùlùmí gbé nínú agbo ilé kan náà, kò jẹ́ kí ọ̀ràn yìí fara sin níbẹ̀.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgbọràn. Gbọ́ àti ọ̀ràn ni ó so pọ̀ di ọ̀rọ̀ yìí: ọmọ tí ó gbọ́ràn ni ọmọ tí ọ̀ràn wọ̀ létí. Gbọ́ kò sì mọ sí iṣẹ́ etí nìkan, nítorí ẹni tí ó gbọ́ èdè kan ni ẹni tí èdè náà yé. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Gbígbọ́ tí ó yẹ ní ìdúró nínú, ó ní ìbéèrè nínú, ó sì ní ìwọ̀n. Èyí ni ó mú un yàtọ̀ sí ìtẹríba àti ìforíbalẹ̀. Orí ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn wọ̀nyẹn, ó sì lè wálẹ̀ kí etí má gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀gágun lè fi ìbọn gba ìforíbalẹ̀. Kò lè fi gba ìgbọràn.

Gbọ́ kan náà ni ó sì wà nínú ìgbàgbọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé Róòmù, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti so ìgbọràn mọ́ ìgbàgbọ́, ọ̀rọ̀ méjì tí kò bára tan ni ẹni tí ń ka Gẹ̀ẹ́sì rí. Ẹni tí ń ka Yorùbá rí gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan ń tì èkejì lẹ́yìn. Èdè Gíríkì tí Pọ́ọ̀lù fi kọ̀wé yọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún ìgbọràn láti ara gbígbọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni Hébérù pẹ̀lú. Nípa èyí, Yorùbá súnmọ́ Pọ́ọ̀lù ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, ní ti ìgbàgbọ́ ó tilẹ̀ fi kún un. Ì báà jẹ́ pé Crowther pète bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ pé èdè ni ó ṣe é fún un, èso rẹ̀ kan náà ni.

Báwo wá ni ọ̀rọ̀ tí ó dára báyìí ṣe di pàṣán? Ìtàn etí ọ̀sà dáhùn apá kan. Ní oṣù kẹta 1865, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, ọmọ ogun ìjọba òyìnbó láti Èkó ni ó fi ìbọn àti ọta oníná lé wọn kúrò. Ní oṣù karùn-ún 1892, Ẹ̀pẹ́ ni ọmọ ogun òyìnbó gúnlẹ̀ sí kí wọ́n tó forí lé Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n. Ṣáájú ọdún náà, Ìjẹ̀bú ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn oníwàásù. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ènìyàn wọ́ tẹ̀lé ìwé àti ìsìn bí omi tí ó já. Àìṣòótọ́ ni yóò jẹ́ láti sọ pé ìbẹ̀rù nìkan ni ó kó wọn wọ ilé ìsìn. Ìwé kíkà wù wọ́n, òwò wù wọ́n, ìhìn náà fúnra rẹ̀ sì wọ ọ̀pọ̀ wọn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n níbi tí ìbọn bá ti ṣáájú ìwàásù, ìgbọràn àti ìforíbalẹ̀ a máa dàpọ̀ létí olùgbọ́. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń jáde lẹ́nu àwọn oníwàásù kan bí àṣẹ ajẹ́lẹ̀: san owó, wọ aṣọ tí a mú, má jiyàn. Ó yẹ kí ọmọ ìjọ sanwó, nítorí ilé ìsìn kì í dúró lórí afẹ́fẹ́. Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé etí kò ní iṣẹ́ mọ́. Ẹni tí ó gbọ́, tí ó sì béèrè ọ̀rọ̀, ni wọ́n ń pè ní aláìgbọràn, nígbà tí ó jẹ́ pé òun gan-an ni ó ń ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ náà wí.

Àánú ni ó jinlẹ̀ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà sì ni ìlò bà jẹ́ jù. Ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà sọ ọ́. Bí ènìyàn bá rí ọmọ òrukàn tí ń sunkún, a ní àánú ọmọ náà ṣe é. Àánú ni olùwà gbólóhùn náà, ẹni tí ó rí ọmọ ni àbọ̀. Àánú ń ṣe ènìyàn gẹ́gẹ́ bí àìsàn ti ń ṣe ènìyàn. Kò pè é, kò sì rọrùn fún un láti lé e lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá mú ọmọ náà wọlé, tí ó sì fún un ní oúnjẹ, a ní ó ṣàánú rẹ̀. Ènìyàn ti di olùwà nísinsìnyí, àánú sì ti di iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ìtàn ará Samáríà nínú ìwé Lúùkù orí 10 lo ọ̀nà méjèèjì, ní ibi tí ó yẹ gẹ́lẹ́. Nígbà tí ọkùnrin náà rí ẹni tí àwọn ọlọ́ṣà ṣe léṣe, àánú ni olùtumọ̀ fi ṣe olùwà. Nígbà tí ìtàn fi máa parí, ó ti di ọgbẹ́ ẹni náà, ó ti gbé e lé orí ẹran tirẹ̀, ó ti sanwó ìtọ́jú rẹ̀. Amòfin wá dáhùn ìbéèrè Jésù, ọkùnrin náà sì di ẹni tí ó ṣàánú. Láàárín gbólóhùn kìn-ín-ní àti èkejì ni gbogbo ìtàn wà. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Gíríkì lò níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà lo méjì. Ẹni tí ń kà wọ́n lè má kíyè sí i pé ohun kan náà ni ó ti inú dé ọwọ́. Ọ̀rọ̀ kan ni Yorùbá lò, ó sì yí i po. Nípa àlùfáà àti ọmọ Léfì tí ó ti kọjá lọ, ìwé sọ pé wọ́n rí i. Kò sọ pé àánú kò ṣe wọ́n. Ó ṣeé ṣe kí ó máa ṣe wọ́n títí wọ́n fi dé ilé.

Èkejì àánú nínú Bíbélì ni ìyọ́nú. Inú ni ó yọ́, bí òrí ti ń yọ́ nínú oòrùn. Ọ̀rọ̀ Gíríkì tí Lúùkù fi sọ ohun tí ó ṣe ará Samáríà, láti ara ìfun ènìyàn ni ó ti wá. Hébérù sì fa ọ̀kan nínú tirẹ̀ láti ara ilé-ọmọ. Kì í ṣe gbogbo èdè ni ó ní irú ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀ de olùtumọ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà sì mọ ohun tí inú yíyọ́ jẹ́: wọ́n kó Crowther lẹ́rú ní Ọ̀ṣogùn ní 1821, ìyá rẹ̀ kò sì tún fojú kàn án títí di 1846 ní Abẹ́òkúta. A kò gbọdọ̀ fi ìtàn ìgbésí ayé olùtumọ̀ dípò àyẹ̀wò iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti ka ọ̀rọ̀ yẹn kí ènìyàn má rántí ìyá náà.

Ẹ wá fetí sí ìlò àánú nínú àdúrà àti orin ìsìn ti òde òní. Àánú ti di ohun tí ènìyàn ń gbà: àánú ìgbéga, àánú ilé kíkọ́, àánú ìrìn-àjò sí òkè òkun. Ẹni tí ó ra mọ́tò ní àánú ni. Ẹni tí kò ì rà á ń dúró de tirẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn tọrọ àánú lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìwé Sáàmù kún fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó jáde lọ bá ẹlòmíràn ti yíjú sílé, ó ti jókòó. Lójú ọ̀nà tí ó ti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àánú sí lẹ́yìn kì í wọ́n. Bí alùpùpù bá gbé ènìyàn ṣubú ní Ìtóìkín ní ọjọ́ ọjà, ibẹ̀ ni a ó ti mọ irú gbólóhùn tí ọkọ̀ náà gbé lẹ́yìn. Nígbà mìíràn, ẹni tí yóò kọ́kọ́ dúró kì í ṣe ọmọ ìjọ kankan, èyí tí kò yẹ kí ó ya ẹni tí ó ti ka Lúùkù lẹ́nu.

Ìjọ ni ó kù. Jọ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: jọ jẹun, jọ ṣiṣẹ́, jọ gbé. Láti ara rẹ̀ ni àjọ tí àwọn obìnrin ọjà ń dá ti wá, àti àjọ̀dún pẹ̀lú. Ní ti ẹ̀kọ́ ìsìn, ọ̀rọ̀ náà kò péye tó. Ọ̀rọ̀ Gíríkì ní ìpè nínú, àwọn tí a pè jáde. Ìjọ kò sọ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n. Àbùkù ni èyí, kò sì yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n èrè kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, pé ìjọ kò lè di ilé. Àwọn tí ń sọ pé àwọn ń lọ sí ìjọ, bí ẹni ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ní lọ́kàn, ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ òyìnbó.

Àwọn ènìyàn tètè mọ̀ pé nǹkan kù. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń jà, àwọn kan nínú ìjọ Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ fún àdúrà, àkójọ náà sì di Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Ní 1925, ní Èkó, Moses Orímọládé àti Abíọ́dún Akínsọ̀wọ̀n bẹ̀rẹ̀ èyí tí ó di Kérúbù àti Séráfù. Ẹgbẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ pe ara wọn. Nínú ẹgbẹ́, àga tí ó ṣófo ń sọ̀rọ̀: wọn á béèrè ẹni tí kò wá, wọn á lọ wò ó, wọn á dáwó bí ó bá bímọ tàbí bí òfò bá ṣẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ti Áńgílíkà, ti Wẹ́sílì, ti Àgùdà àti ti Aládùúrà, fi kún fún ẹgbẹ́ ọkùnrin àti ti obìnrin. Orúkọ ni ìjọ jẹ́, ẹgbẹ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ orúkọ náà. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ ń mọ ẹgbẹ́ ni. Ẹni tí kò lágbára láti ra aṣọ ọdún a máa rọra yọ ara rẹ̀, àga rẹ̀ á sì ṣófo láìsọ̀rọ̀. Ìjọ gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyè, bí a bá gbọ́ ọ bí ó ti wà.

Ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ yìí tún gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀, tí òyìnbó lé kúrò ní Èkó ní 1851, fi ibẹ̀ ṣe ibùdó títí tí òun fi padà ní 1862. Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn, ìran wọn sì ń ṣe ọdún Káyòkáyò lẹ́yìn Iléyá ní ìrántí ìdé wọn. Nínú agbo ilé kan, ẹ̀gbọ́n lè máa lọ sí mọ́sálásí, kí àbúrò máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n sì jọ jẹ ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésìmesì. Èdè ti mọ̀ wọ́n papọ̀ tipẹ́. Àdúrà, wàásù, àlàáfíà, àlùfáà: inú èdè Lárúbáwá ni wọ́n ti wá, ẹnu Mùsùlùmí ni Yorùbá ti gbọ́ wọn, olùtumọ̀ sì kó wọn sínú Bíbélì láìṣojú tì. Nítorí náà, àlùfáà tí ó kọjá lọ nínú ìtàn Lúùkù kò lè jẹ́ àlùfáà ẹlòmíràn lójú ẹnikẹ́ni ní Ẹ̀pẹ́. Orúkọ olórí ìsìn ti ìhà méjèèjì ni ó ń jẹ́.

Ilé èrò tí ará Samáríà gbé ẹni náà lọ kò sì ṣàjèjì sí etí ọ̀sà. Ìkòròdú ni ẹnu ọ̀nà òwò Rẹ́mọ sí Èkó, Ẹ̀pẹ́ jẹ́ èbúté Ìjẹ̀bú. Ìlú èrò ni méjèèjì. Ìwé kò dárúkọ onílé èrò náà, kò sì sọ bóyá àánú ṣe é. Àlejò fún un lówó, ó ní bí ó bá ná jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun yóò san án nígbà tí òun bá ń padà bọ̀. Aláìsàn náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ìwé kò sọ pé ó mọ̀ rí.